Owó Wà Lọ́wọ́ Mi, Mi Ò Rílé Gbà

Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jáde nílé. Mo fi àjákù àńkárá wé e, mo tì í sísàlẹ̀ báàgì, mo kó àwòrán sítáì aṣọ lé e lórí, mo sì wọ dáńfó láti Yábà lọ sí Ṣómólú. Ẹ má bú mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn gbé irú owó bẹ́ẹ̀ wọ dáńfó. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà náà ni pé ní Èkó yìí, ẹni tó bá ti gbé owó dání ti gbalé tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé báàgì náà padà sílé. Owó inú ẹ̀ ò dín kọ́bọ̀, mi ò sì rílé.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Yábà, kò jìnnà sọ́jà Tẹjúoṣó. Láàárín oṣù kan, ọmọbìnrin mẹ́ta ló ti bi mí bí mo ṣe rí ilé tí mò ń gbé báyìí gbà. Bí mo bá ń fẹnu sọ ọ́, mo máa ń fo ibi tó tì mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá mi ò ní rí nǹkan kan fò.

Yàrá kan ni mo ń gbé tẹ́lẹ̀ ní Múṣin, nínú face-me-I-face-you oníyàrá mẹ́rìnlá. Mo ti wà níbẹ̀ fún ọdún méje nígbà tí lánlọ́ọ̀dù wa kú lọ́dún 2023. Ogójì ọjọ́ ò tíì pé tí àwọn ọmọ ẹ̀ fi gbé lẹ́tà wá: wọ́n fẹ́ ta ilé, ká kó jáde láàárín oṣù mẹ́ta. Gbogbo ilé dàrú. Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́ọ̀tù ló là wá lójú. Ó ní òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, tí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín òun àti onílé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un. Ó tún júwe Citizens' Mediation Centre fún wa, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá onílé àti ayálégbé parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. A lọ síbẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ olóògbé, oṣù mẹ́ta sì di mẹ́fà.

Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n fún mi nílé. Oṣù mẹ́rin nínú mẹ́fà náà ni mo fi ránṣọ. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀, àwọn aláṣọ ẹbí ò jẹ́ kí n gbórí sókè, mo sì ń sọ fún ara mi pé ilé pọ̀ ní Èkó. Ilé pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń wá ilé nígbà tó ku oṣù méjì kí wọ́n lé e jáde, ìdààmú ti wà lójú ẹ̀, ojú yẹn sì ni éjẹ́ńtì máa ń kọ́kọ́ kà.

Àṣìṣe kejì ni ti owó. 650,000 náírà ni mo ti kó jọ, mo wá ń wá ilé 600,000. Yàrá kan àti pálọ̀ tó ní ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní mini-flat, ni mo fẹ́. Nígbà tí éjẹ́ńtì àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó fún mi, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni. Kọmíṣọ̀n tiẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé, 60,000. Àgíríméǹtì tí lọ́yà máa kọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìíràn, 60,000. Owó kọ́ṣọ̀n tí onílé máa dì mú de ohun tí èèyàn bá bà jẹ́, 100,000. Owó géètì àti ìdọ̀tí, 20,000. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, 840,000. Kó tó tiẹ̀ mú mi débẹ̀, ó ti gba 5,000 lọ́wọ́ mi kí n tó wo ilé. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ bi éjẹ́ńtì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: èló ni gbogbo ẹ̀ títí kọ́kọ́rọ́ fi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn lórí fóònù, ẹ má tẹ̀ lé e.

Mo sáré gba àjọ mi ṣáájú àkókò, mo sì yá díẹ̀ kún un, ó di 850,000. Owó ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní ká kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì, tí tuntun ò sì jáde, tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta tò síwájú báńkì nítorí 5,000 náírà, ọkàn mi ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn báńkì. Alájọ ló ń gba owó mi. Àkáǹtì mi wà níbẹ̀, òfìfo. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa bù mí ṣán.

Ọjọ́ Ṣómólú náà rèé. Bàbá arúgbó kan ló ni ilé, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó jókòó sórí àga onígi pẹ̀lú rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìjẹ̀bú ni, sà."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Mi ò tíì ṣègbéyàwó, sà."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ta ló mọ̀ ọ́ níbẹ̀? Ta ló máa dúró fún ọ? Ìwé ìdánimọ̀ ẹ dà?"

Ìwé ìdánimọ̀ mi wà nínú fóònù, iná fóònù sì ti kú. Onídùúró, mi ò tiẹ̀ rò ó rí. Mo kàn ṣí báàgì, mo ká àńkárá kúrò. Mo ní, "Bàbá, owó yín rèé. Ó pé."

Ó wo owó náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlòmíì wá fún. Ó ní, "Ti ọdún yìí nìyẹn. Ti ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń bi ọ́."

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Nígbà tó tún padà sórí ọ̀rọ̀ ọkọ, inú bí mi. Mo ní, "Sà, ṣé ọkọ ni mo wá fẹ́ níbí ni, àbí ilé ni mo wá gbà?" Éjẹ́ńtì tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde, ẹyin ti fọ́. Ọmọkùnrin nọ́ọ̀sì kan jókòó síta tó ń dúró de Bàbá, fáìlì búlúù wà lórí itan ẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, éjẹ́ńtì pè mí pé nọ́ọ̀sì ti gbalé. Mo bú Bàbá yẹn tẹnu tọkàn. Mo ní kò fẹ́ràn obìnrin. Ó ṣeé ṣe kí n má purọ́ pátápátá, torí mo ti pàdé onílé mẹ́ta tó sọ ọ́ sí mi lójú pé àwọn ò fún ọmọge nílé. Àmọ́ ti Ṣómólú, bí mo ṣe ń rò ó lónìí, bí mo bá ní ọkọ mẹ́rin, Bàbá ò ní fún mi. Mi ò dáhùn ohun tó bi mí.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹkún ni mo kàn ń sun ní tèmi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù tí ẹnìkan fi fi nọ́ńbà éjẹ́ńtì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé kan wà ní Bàrígà, 500,000, gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọmọkùnrin náà yá mọ́ èèyàn, ó ń pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi". Kò béèrè ọkọ, kò béèrè iṣẹ́, kò gba fọ́tò, kò ní kí n mú onídùúró wá. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi, mo ti rí ẹni tí kò ní fi ìbéèrè yọ mí lẹ́nu. Mo ní kí n rí lánlọ́ọ̀dù, ó ní wọ́n wà lókè òkun. Mo fi owó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ọmọkùnrin náà fúnra ẹ̀. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ilẹ̀kùn lóòótọ́.

Ọjọ́ Sátidé tí mo kó ẹrù dé, mo bá mátírẹ́sì méjì lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tọkọtaya kan ló ni ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ni ìkejì. Tèmi ṣe ẹ̀kẹta. Gbogbo wa la ní kọ́kọ́rọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn jókòó sórí mátírẹ́sì ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín. Fọkanáísà tó wà níwájú ilé ló wá sọ fún wa pé ọmọkùnrin yẹn gbé ilé náà rí ni, pé Ìkòròdú ni onílé wà, kì í ṣe òkè òkun. Fọkanáísà yẹn ti ń lẹ táyà níwájú ilé yẹn láti ọdún pípẹ́. Mo ti kọjá lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo tiẹ̀ kí i. Mi ò bi í ní nǹkan kan.

Mi ò ní sọ ìtàn àgọ́ ọlọ́pàá fún yín, ó gùn, ó sì ń bí mi nínú. Mo rí 180,000 gbà nínú 500,000, díẹ̀díẹ̀, lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà tó ń bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú omi lójú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nibẹ̀ ni pé ìbéèrè tí mò ń sá fún ní Ṣómólú, òun gan-an ló yẹ kí n wá ní Bàrígà. Onílé gidi máa ń béèrè. Ẹni tí kò bá béèrè ohunkóhun nípa ẹni tó fẹ́ wá gbé inú ilé ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé má jẹ́ tiẹ̀. Ìjọba Èkó ní àjọ kan, LASRERA, tó ń forúkọ àwọn éjẹ́ńtì sílẹ̀. Ẹ lè yẹ orúkọ ẹni wò níbẹ̀. Àmọ́ ẹ tún bi fọkanáísà.

Mo kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Agége. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, òun, ọkọ ẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin. Orí àga pálọ̀ ni mò ń sùn, ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì wà lábẹ́ tábìlì oúnjẹ wọn. Wọn ò fi nǹkan kan dù mí, èyí gan-an ló mú kó le.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo máa ń fò.

Ilé kan jáde ní Ìlúpéjú, wọ́n ní lẹ́tà ibi iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìbátan tó ní ilé iṣẹ́ kékeré, ó ní òun á bá mi ṣe lẹ́tà. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé tó ní àmì ilé iṣẹ́ pé akọ̀wé ni mí níbẹ̀, pé mò ń gba 250,000 lóṣù. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì gbé e lọ. Lọ́yà onílé ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ó ka lẹ́tà náà, ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ níṣojú mi, ó sì fi í sórí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ síta. Ẹni tó gbé e ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́yà wo ojú mi, ó ní, "Àdúgbò wo ni ọ́fíìsì yín wà?" Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá! Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi jẹ́jẹ́. Ó ní, "Mà, tẹ́ ẹ bá sọ fún mi pé télọ̀ lẹ jẹ́, mo mọ télọ̀ tó lówó jù mí lọ. Ayédèrú ìwé lẹ gbé wá yìí o, ẹ̀wọ̀n wà lórí ẹ̀." Abẹ́rẹ́ wà lórí àyà aṣọ mi tí mo gbàgbé láti yọ. Ohun tó fi mọ iṣẹ́ mi nìyẹn.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìlúpéjú dé Fádéyí kí n tó rántí pé ọkọ̀ wà.

Ẹni tó tún mi ṣe ni oníbàárà mi kan, ìyá àgbà tó nílé méjì ní Agúdà, Sùúrùlérè. Wọ́n wá wọn léèsì, mo ń fi pín-ìn-nì mú ìdí aṣọ, mo kó pín-ìn-nì sẹ́nu, mi ò sì lè bá wọn jiyàn. Wọ́n bi mí ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ ilé dé, mo mi orí. Wọ́n ní, "Ìwọ rò pé ẹni tí kò lówó wọlé ni ń dẹ́rù bà wá? Ẹni tí kò ní jáde ni." Wọ́n sọ ti ayálégbé wọn kan tó san owó ọdún kan, tó sì gbé e fún ọdún mẹ́rin, kọ́ọ̀tù lónìí, kọ́ọ̀tù lọ́la, lọ́yà ń jẹ, akọ̀wé kọ́ọ̀tù ń jẹ. Wọ́n ní látìgbà náà, tí wọ́n bá ti rí ẹni tó fẹ́ gbalé, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wá lójú ẹ̀: ta ni ẹ, níbo lowó ẹ ti ń wá, ta ni mo lè pè tó o bá ya pòkíì. "Gbogbo èyí tá a ń bi yín ní ìbéèrèkúbèèrè, ọkọ, ṣọ́ọ̀ṣì, ìlú, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Kọ ìdáhùn wá kí n tó bi ọ́, màá dákẹ́."

Mo yọ pín-ìn-nì lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mà."

January 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sanwó aṣọ san án síbẹ̀. Mò ń dá àjọ lọ, àmọ́ inú àkáǹtì ni mo ti ń yọ ọ́. Ìdí ẹ̀ ni pé wọ́n máa ń béèrè sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà, tèmi tó wà nílẹ̀ dà bí ti òkú. Fún nǹkan bí ọdún kan, owó ti ń gba ọwọ́ mi kọjá bí omi, kò sì sí ìwé kankan tó rí i. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí kódà bí kò bá sẹ́ni tó ń lé yín nílé. Oṣù mẹ́fà ò ṣeé rà lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ẹ̀.

Nígbà tí mo tẹ ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde láti kà á, ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí. Àwọn oníbàárà mi ti kọ ọ̀rọ̀ ìkọkúkọ sí ìdí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹnìkan kọ "ìfẹ́ mi". Òmíràn kọ "gbèsè ọkọ ẹ". Ẹ wo onílé àgbà kan tó ń ka ìyẹn! Mo bẹ gbogbo wọn kí wọ́n máa kọ "owó aṣọ". Ẹ ka sítétímẹ́ǹtì yín kí ẹlòmíì tó bá yín kà á.

Mo fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, mo rí sátífíkéètì gbà. Ìyẹn rọ́pò lẹ́tà ibi iṣẹ́. Mo gba lẹ́tà kún un lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ àdúgbò wa. Wọ́n kọ ọdún tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀.

Risíìtì owó ilé Múṣin, mẹ́rin péré ni mo rí nínú méje. Eku ti jẹ ọ̀kan, méjì sọnù. Mo ní láti lọ bá àkọ́bí lánlọ́ọ̀dù wa, ẹni tí mo pariwo lé lórí nígbà tí wọ́n fún wa ní lẹ́tà oṣù mẹ́ta. Mo ra ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó dání. Mo bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n jókòó fún bíi wákàtí kan kó tó dáhùn, ó sì kọ ìlà mẹ́ta: pé mo gbé ilé bàbá wọn fún ọdún méje, pé mi ò jẹ wọ́n lówó, pé nígbà tí ẹ̀rọ omi bàjẹ́ èmi ni mo kó owó jọ tí wọ́n fi tún un ṣe. Mo ti gbàgbé ti ẹ̀rọ omi yẹn. Nínú gbogbo ìwé tí mo kó jọ, mi ò rò pé òmíràn ṣiṣẹ́ tó ìlà mẹ́ta yẹn. Nítorí náà, bí wọ́n bá lé yín nílé, ẹ bínú níwọ̀nba.

Ọ̀rọ̀ onídùúró ló pẹ́ jù. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹnu gbà kíá. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, tó kà á pé "bí ayálégbé bá jẹ owó ilé, èmi tí mo buwọ́ lùwé yìí ni n ó san án", ó ní òun fẹ́ gbàdúrà sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, àdúrà ò parí. Mi ò bínú, ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́, ó sì tún ń gbà mí sílé. Ọ̀gá iléèwé mi àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mo lọ bá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo mú fọ́ọ̀mù dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ iye owó ilé, mo fi sítétímẹ́ǹtì mi han màmá kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń dúró fún. Wọ́n kà á tán, wọ́n béèrè bírò. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé tí nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ bá pè láàárín oṣù yẹn, kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé kan ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi torí pé onídùúró ẹ̀ rò pé àwọn gbájúẹ̀ ló ń pe òun, ló bá jágbe mọ́ onílé.

Ẹ̀dà NIN mi, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, mo fi bírò kọ ọ̀rọ̀ lé e láti igun dé igun: fún ilé gbígbà nìkan, pẹ̀lú déètì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú ewé sítétímẹ́ǹtì náà. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, mi ò fún ẹnikẹ́ni. Éjẹ́ńtì kan béèrè ẹ̀, mo kí i pé ó dàbọ̀.

June 2024, ìyá Agúdà ló ní ọ̀rẹ́ wọn kan ní mini-flat tó ṣófo ní Ìtìrẹ̀. Mo dúró kí òjò ńlá kan rọ̀, mo lọ wo ilé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi ti fà, àmọ́ ìlà ẹrẹ̀ wà lára ògiri ilé tó wà níwájú, ó ga tó orúnkún mi. Ti ilé tí mò ń wò ò kọjá ìpìlẹ̀. Mo ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá alákàrà ìkóríta, mo bi wọ́n ta ló nilé. Wọ́n sọ orúkọ màmá, wọ́n sọ ti ọkọ wọn tó ti kú, wọ́n ní kò sí ìjà láàárín àwọn ọmọ. Mo ń wo ògiri bóyá màá rí "ilé yìí kì í ṣe títà", mi ò rí i. Orúkọ kan náà ló wà lórí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn mí. Mo bèèrè iná: Band A ni, ìyẹn ìpele tí iná ti gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán wákàtí ogún lójúmọ́, 225 náírà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lórí kílówáàtì wákàtí kan ní oṣù April ọdún yẹn. Fún ẹni tó ń lo áyọ́ọ̀nù bíi tèmi, owó ilé kejì nìyẹn. Mo ra iná 1,000 náírà sínú mítà níṣojú kẹatékà kí n mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀. Kò sí.

Mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí màmá onílé. Wọ́n ń gbọ́ òyìnbó lẹ́nu, àmọ́ wọn kì í kà á, torí náà èdè Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, iṣẹ́ mi, iye tó ń wọlé lóṣù tó dáa àti lóṣù tí kò dáa, ìdí tí mo fi kúrò ní Múṣin, àti pé ẹ̀rọ ìránṣọ kan máa wà nínú ilé tí màá máa lò lálẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n yọ ọ́. Mi ò yọ ọ́. Ìlúpéjú ṣì wà lára mi.

Màmá fi gíláàsì kà á, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ṣí fáìlì, wọ́n dúró lórí ìlà mẹ́ta ti Múṣin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbórí sókè: "Ọkọ ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ bá mi fi sádùúrà, Mà. Tó bá dé, mo máa mú un wá kí yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín padà.

Owó ọdún méjì ni wọ́n fẹ́. Òfin 2011 yẹn ò fàyè gbà á: ọdún kan ni kò gbọ́dọ̀ kọjá fún ayálégbé tuntun, ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ni òfin ká mọ́, ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, Ìtìrẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mi ò la òfin mọ́ màmá lórí. Mo ní, "Mà, ọdún kan ni agbára mi gbé, sítétímẹ́ǹtì mi sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin náà rí i." Wọ́n gbà.

Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n ka àgíríméǹtì kí n tó sanwó. Lọ́yà wọn ò fẹ́, màmá ní kó fún mi. Àfikún kan wà níbẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀: ẹ̀rọ ìránṣọ ò gbọdọ̀ dún lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo buwọ́ lù ú. Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ màmá ni mo san owó ilé sí, wọ́n já risíìtì fún mi lójú ẹsẹ̀, ó sì wà nínú fáìlì búlúù tí mo rà torí nọ́ọ̀sì Ṣómólú.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù. Léèsì ìyá Agúdà ló wà lórí ẹ̀rọ, ó ku apá kan. Màá parí ẹ̀ láàárọ̀.